Àròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ṣe Lè Mọ Ètò Iṣẹ́-Ọwọ́ Tí Ó Yanjú

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé bí a ṣe lè díwọ̀n ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ tí ó so ilé-ẹ̀kọ́ girama, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ibi iṣẹ́ pọ̀. Mú àpẹẹrẹ rẹ láti àdúgbò tí o mọ̀ dáadáa.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀: Ọ̀pọ̀ olùdánwò tí ó bá rí irú ìbéèrè yìí ni yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí yin iṣẹ́-ọwọ́. Wọn yóò pa òwe kan tàbí méjì nípa ọ̀lẹ, wọn yóò ní kí ìjọba dìde ìrànlọ́wọ́, wọn yóò sì fi kálàmù sílẹ̀. Olùyẹ̀wé kò béèrè bóyá iṣẹ́-ọwọ́ dára. Ohun tí ó ń béèrè ni ọ̀nà tí a lè gbà mọ ètò tí ó yanjú yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ní orúkọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìbéèrè náà ni “díwọ̀n”. Fa ìlà sí i nídìí. Ọmọ àríwá Èkìtì ni ó kọ àròkọ ìsàlẹ̀ yìí. Bí ìwọ bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Ìbàràpá, ìlú tìrẹ ni kí o wò. Má ṣe há Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé sórí lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò.

ÀRÒKỌ

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Ìfàkì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, oríṣi ọ̀dọ́ mẹ́ta ni yóò rí lójú títì kan náà. Àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Èkejì ni àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì àti ti ajórin, tí epo ti sọ aṣọ wọn di dúdú kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ̀kẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ girama ń bẹ̀rù kí ó má baà di ọmọṣẹ́. Ọmọṣẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ yunifásítì ti kọjá òun. Ọmọ yunifásítì ní tirẹ̀ lè kàwé ọdún márùn-ún nípa ẹ̀rọ kí ó má lè tú ẹ́ńjìnnì kan palẹ̀.

Ètò tí ìbéèrè yìí ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tí ó fẹ́ kí àwọn mẹ́ta yìí jẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo: kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí mọ irinṣẹ́ ní girama, kí ó mọ ìdí iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí ó sì ti mọ ojú oníbàárà kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́ ni iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa.

Kí n tó dé orí ètò ìjọba, mo fẹ́ mẹ́nu kan ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀yẹ́ fúnra wọn kò gbọ́ rí. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Society of African Missions dá ilé iṣẹ́-ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony ni wọ́n bójú tó o. Wọn kò kó olùkọ́ wá láti òkè òkun. Àwọn ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ náà láti ilé bàbá wọn ni wọ́n ké sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà tí ó wà níbẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Aréògún ti Òsì-Ìlọrin, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ Ọ̀pin àti Èkìtì nítorí ilẹ̀kùn àti òpó tí ó ń gbẹ́ fún àwọn ọba. Ahunṣọ wà níbẹ̀, àwọn tí ń fi awọ ṣe ọnà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe onígbàgbọ́ nìkan ni wọ́n gbà síṣẹ́. Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá Ọ̀ràngún, Làmídì Fákẹ́yẹ, ti wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn Bándélé ní nǹkan bí ọdún 1949. Ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ti bí i, ó sì ti mọ igi í gbẹ́ kí ó tó dé Ọ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó tún jókòó bí ọmọṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní Ọ̀yẹ́ ní ọdún 1954. Ọdún méje péré ni gbogbo rẹ̀.

Nísinsìnyí, ká ní wọ́n rán ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì wá díwọ̀n ètò yìí ní ọdún 1954, kí ni ì bá kọ sínú ìwé rẹ̀? Ì bá kọ ọ́ pé àwọn tí wọ́n kọ́ kò pọ̀, pé kò sí ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí, àti pé ilé náà ti di títì. Ní kúkúrú, ì bá ní ó kùnà. Ṣùgbọ́n Làmídì tí ó jáde níbẹ̀ di ẹni tí ń kọ́ni ní iṣẹ́-ọnà ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà nínú ọgbà náà títí di òní. Wọ́n pè é lọ sí Amẹ́ríkà láti wá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ní ọdún 2006, àjọ UNESCO fún un ní oyè ọlá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jẹ́ ìṣúra alààyè, kí ó tó di pé ó kú ní ọdún 2009. Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ọjọ́ tí a yàn láti ka èrè ètò lè yí ìdájọ́ wa padà. Ẹni tí ó bá wú iṣu lóṣù kejì tí ó gbìn ín yóò búra pé ilẹ̀ náà kò dára.

Síbẹ̀, kí a má fi ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Ìjọ ni oníbàárà àgbà ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́: ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn, ère, aṣọ àlùfáà. Nígbà tí àwọn tí ó ń gbé iṣẹ́ wá lọ sí ibòmíràn, iṣẹ́ bá wọn lọ. Lónìí, ẹni tí ó bá wá sí Ọ̀yẹ́ láti kọ́ igi gbígbẹ́ kò ní bá ilé iṣẹ́ náà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wo ètò, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ẹni tí yóò ra iṣẹ́ ọmọ náà bí ẹni tí ó dá ètò sílẹ̀ kò bá sí mọ́.

Ní ti ìjọba, ìgbìyànjú rẹ̀ pọ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà àtijọ́, lẹ́yìn ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 1955, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ Módà ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò lọ sí girama. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó di ohun tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò kà sí mọ́, mi ò sì ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Èyí tí ó kan wa jù ni ètò 6-3-3-4. Àkọsílẹ̀ ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí tí ó jáde ní ọdún 1977 ni ó là á sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1982. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì ni kí ọmọ fi mọ igi, irin, iná mànàmáná àti yíya àwòrán ilé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ tàbí kí ó lọ kọ́ṣẹ́. Ẹni tí ìwé yá yóò tẹ̀síwájú.

Ìjọba àpapọ̀ ra ẹ̀rọ púpọ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè ìlà-oòrùn Yúróòpù, wọ́n sì pín in fún ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri. Ẹ̀rọ dé ṣáájú ilé tí a ó gbé e sí. Ó dé ṣáájú iná mànàmáná, ó sì dé ṣáájú olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, inú àpótí pákó tí wọ́n fi kó o wá ni ó ti dípẹtà. Ẹni tí ó bá díwọ̀n ètò yìí pẹ̀lú iye ẹ̀rọ tí wọ́n pín yóò ní ó yọrí sí rere gidigidi. Ẹni tí ó bá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Ìgbà mélòó ni o fọwọ́ ara rẹ tan ẹ̀rọ náà ní ọdún tí ó kọjá?” yóò gbọ́ ohun mìíràn. Ìbéèrè kejì yìí kò ná wa lówó, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń béèrè rẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́-ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kún ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà ní ọdún 2011, tí wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mú èyí tí wọ́n lè fi ṣọ́ọ̀kì àti pátákó nìkan kọ́, bí ọjà títà àti lílo kọ̀ǹpútà láti to àkọsílẹ̀, nígbà mìíràn láìsí kọ̀ǹpútà nínú yàrá náà. Ọmọ lè gba máàkì gíga nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àbùkù ọmọ kọ́. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dín iṣẹ́ náà kù sí mẹ́fà: síso iná oòrùn mọ́ ilé, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ọ̀gbìn, ìtọ́jú irun àti ẹwà, àti títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Ó wù mí pé wọ́n dín in kù, nítorí pé gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ènìyàn ń sanwó fún ní Ìkọ̀lé àti Ìdó lónìí. Ṣùgbọ́n aṣọ rírán láìsí ẹ̀rọ ìránṣọ kò sàn ju kọ̀ǹpútà láìsí kọ̀ǹpútà lọ.

Ẹ wo bí ilẹ̀kùn ṣe tò ní àdúgbò wa báyìí. Ní Ùsì, lẹ́bàá Ìdó, ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́-ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà. Àjọ NABTEB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ni ó ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní Adó, ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀ wà. Àkúrẹ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977 kí wọ́n tó gbé e wá sí Adó ní ọdún 1982. Láti ọdún 2011, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ẹ̀ka tirẹ̀ tí ó wà ní Ìkọ̀lé ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí a bá yà á sórí ìwé, ọmọ kan lè ti Ùsì dé Ìkọ̀lé kí ó di ẹnjiníà láì sun ìlú àjèjì. Ohun tí ó yẹ kí a bojú wò ni àárín ilẹ̀kùn kan sí èkejì. Ṣé ohun tí ọmọ fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní Ùsì ni a ó kà sí i lọ́rùn nígbà tí ó bá dé Adó, àbí ńṣe ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń di ayùn mú? Níbi tí ọmọ bá ti ń tún ohun kan náà kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ètò méjì ni ó wà níbẹ̀, wọn kò tíì so pọ̀.

Ibi iṣẹ́ ni ilẹ̀kùn tí ó le jù. Àjọ ITF, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971, dá ètò SIWES sílẹ̀ ní ọdún 1973 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè lọ ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó parí ẹ̀kọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n sí “IT”. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba ìwé kan tí yóò máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò fọwọ́ sí i, olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ètò yìí mọ́gbọ́n dání púpọ̀. Wàhálà tiwa ní àríwá Èkìtì ni pé ilé iṣẹ́ ńlá kò pọ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó lè gba ìwọ̀nba tí ń kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò àti àtúnṣe ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí, ó di Ìbàdàn, ó di Èkó. Ọmọ tí kò ní ẹbí tí yóò gbà á sílé ní Èkó yóò jókòó sí ọ́fíìsì kan nítòsí ilé, yóò máa gbé fáìlì kiri, yóò sì wá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n kọ gbogbo oṣù mẹ́fà rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú kálàmù kan náà. Ẹni tí ó bá ka iye ìwé tí a fọwọ́ sí yóò rí ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Àpẹẹrẹ amọ̀ ni ó fi èyí hàn jù lójú tèmi. Àwọn ìyá ní Ìsàn ti ń mọ ìkòkò tipẹ́tipẹ́, ọmọbìnrin sì ń kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ní Adó, ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ díńgí àti amọ̀ sísun. Ní Ìrè, ilé iṣẹ́ bíríkì sísun kan wà tí ìjọba dá sílẹ̀ nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun mẹ́ta tí ó yẹ kí ó so mọ́ra nìyẹn: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ amọ̀, ẹni tí ó mọ ìdí tí amọ̀ fi ń sán nínú iná, àti ibi tí ń sanwó oṣù. Ilé iṣẹ́ Ìrè dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkùn náà sì já níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó wà ní Adó kò ṣẹ̀, ìyá tí ó wà ní Ìsàn kò ṣẹ̀. Nígbà tí èrè ètò bá kéré, kí a tó dá olùkọ́ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí òkùn ti já.

Ìṣirò náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ká ní ọmọ 40 ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kan. Nígbà tí ọdún kẹta yóò fi pé, 15 ti lọ: owó ilé-ẹ̀kọ́ ti wọ́n àwọn kan, àwọn mìíràn ti lọ gun ọ̀kadà. Ọmọ 25 ni ó jókòó ṣe ìdánwò, 20 sì yege. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yóò dìde níwájú àwọn òbí, yóò ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló yege. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n òbí tí ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ lónìí ń fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn 40 tí ó wọlé, ìdajì péré ni ó sì dé òpin. Kí a tún tẹ̀ lé àwọn 20 náà fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí a mọ iye tí ń fi iṣẹ́ tí ó kọ́ jẹun. Ìgbà yẹn ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ètò ṣe.

Ohun kan tún wà tí ó ṣòro ju ìyẹn lọ, ìbáà ṣe àwọn àgbà pàápàá máa ń gbàgbé rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ṣa àwọn ọmọ tí orí wọn pé sínú ètò rẹ̀, tí gbogbo wọn sì ríṣẹ́, a kò tíì mọ̀ bóyá ètò ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí orí tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òdì kejì rẹ̀ ni ó wọ́pọ̀: ọmọ tí kò mọ̀wé ni òbí ń tì sí iṣẹ́-ọwọ́. Nígbà tí èsì wọn kò bá dára bíi ti girama, ariwo yóò ta pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò wúlò, nígbà tí ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ribiribi ni olùkọ́ ibẹ̀ ṣe. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a fi ọmọ wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí a mú ọmọ méjì tí èsì wọn rí bákan náà ní ọdún kẹta girama, tí ọ̀kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́, tí èkejì lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀bá títì, kí a sì wò wọ́n lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Kò sí ìdí tí ọ̀gá ẹ̀bá títì kò fi ní borí nígbà mìíràn. Oníbàárà gidi ni ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́, ọkọ̀ gidi ni ó ń tú, bí ó bá sì bà á jẹ́, a ó bá a wí.

Àwọn tí ó ṣe ètò IDEAS gbà pé ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Báńkì Àgbáyé ni ó fọwọ́ sí ètò yìí ní ọdún 2020 pẹ̀lú mílíọ̀nù 200 dọ́là, Èkìtì sì wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n mú. Wọn kò fi mọ sórí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ nìkan. Ètò náà kan àwọn ọmọṣẹ́ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá pẹ̀lú, kí ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ lè di ohun tí ìwé ń jẹ́rìí sí. Bí a bá fẹ́ díwọ̀n irú ètò yìí ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìdó, ìsọ̀ ọ̀gá ni kí a kọ́kọ́ lọ kí a tó lọ sí ọ́fíìsì. Kí a béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bóyá ó lè gba ọmọ tí ó ní ìwé ẹ̀rí náà síṣẹ́ kí ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún un lọ sí òde ìnáwó ní ọjọ́ Sátidé. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, a ti gbọ́ èsì.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ni ó kù. Ní ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹbí rẹ̀ máa ń dáwó jọ, nígbà mìíràn ọ̀gá alára a fún un ní irinṣẹ́ díẹ̀. Ọmọ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ sábà máa ń gba ìwé ẹ̀rí nìkan; ayùn, ránńdà àti ẹ̀rọ ìjórin tí ó fi kọ́ṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ ló ni wọ́n. Yóò padà sí Ìtàpá tàbí Ayédé, yóò wá iṣẹ́ títí, yóò sì tún lọ jókòó bí ọmọṣẹ́ lẹ́yìn ẹni tí ó ní irinṣẹ́. Ọdún méjì tí yóò lò níbẹ̀, kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni.